Ìbòmú Kì Í Ṣe Àìnígbàgbọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú.

Nínú ìsìn àìsùn kan tí mo lọ ní Ìjàrẹ lásìkò ọyẹ́, wọ́n ti gbogbo fèrèsé nítorí òtútù àti ẹ̀fọn. Ìyá kan tó ń wúkọ́ fi ìbòmú bo imú àti ẹnu rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ ìjọ kan bá a níbẹ̀: "Màmá, ẹ yọ nǹkan yẹn. Ṣé ẹ ò nígbàgbọ́ ni?" Ìyá náà yọ ọ́. Ó wúkọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, àwọn ọmọ kéékèèké sì sùn sórí ẹní nítòsí rẹ̀.

Mo bi yín, ta ló hùwà ìfẹ́ nínú àwọn méjèèjì? Mósè náà pàṣẹ nínú Léfítíkù orí 13, ẹsẹ 45, pé kí adẹ́tẹ̀ bo ètè rẹ̀. Ṣé Mósè náà kò nígbàgbọ́ ni?

Ẹ wo èéfín ilé ìdáná. Bí a bá ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹni tó wà ní yàrá náà yóò fà á símú. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò ikọ́ ife àti ti Kòrónà ṣe ń bá èémí rìn nínú gbọ̀ngàn tí a tì pa. Bí a bá ń kọrin tí a sì ń gbàdúrà sókè, ó ń pọ̀ sí i. Ìbòmú ń dí púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́ ẹnu ẹni tó ń wúkọ́, ó sì ń dín èyí tí ẹlòmíràn ń fà símú kù. Ti aṣọ ń ṣe díẹ̀, irú èyí tí àwọn dókítà ń lò fún iṣẹ́ abẹ sàn jù ú lọ, N95 tó lẹ̀ mọ́ ojú ló dára jù.

Àwọn kan ní ìwádìí ti fi hàn pé kò ṣiṣẹ́. Irọ́ ni. Ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, láàárín 2020 sí 2021, wọ́n ṣe ìwádìí ní nǹkan bí 600 abúlé, wọ́n sì pín ìbòmú ní ìdajì wọn. Àwọn tó ń lò ó níbẹ̀ kò ju 42 nínú 100 lọ. Síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti pín ti iṣẹ́ abẹ, àìsàn Kòrónà fi nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 dín kù. Láàárín àwọn tó ti pé ẹni 60 ọdún, ó dín ní ìdá 35. Àwọn bàbá àti ìyá wa nìyẹn!

Ará Àkúrẹ́ kò lè gbàgbé July 2, 2020, ọjọ́ tí Kòrónà pa Dókítà Wahab Adégbẹnró, kọmíṣọ́nnà ètò ìlera Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹni tó ń léwájú nínú ogun àrùn náà. Ọjọ́ méjì ṣáájú, Gómìnà Rótìmí Akérédolú kéde pé òun náà ti kó o. Kí ni ọ̀pọ̀ wa ṣe? A fi ìbòmú há àgbọ̀n, a ń fà á sókè bí a bá rí ọlọ́pàá. Agboorun tí a ká sábẹ́ apá kò gbani lọ́wọ́ òjò.

Ní May 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì mọ́. Ṣùgbọ́n ikọ́ ife kò tíì lọ. Nàìjíríà ló ní in jù ní Áfíríkà. Tálákà tí àwọn mẹ́fà ń sùn nínú yàrá kan ló ń jìyà rẹ̀ jù. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ ọ̀rọ̀ òdodo.

Nítorí náà:

1. Ẹ ṣí fèrèsé ilé ìjọsìn. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí i nítorí ẹ̀fọn.

2. Kí ìjọ ra ìbòmú sẹ́nu ọ̀nà fún ẹni tó bá ń wúkọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọmọ ọwọ́ tàbí ẹni tí mímí ń ni lára sí i.

3. Ẹni tó bá wúkọ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ife.

4. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọ, ẹ má ṣe dójú ti ẹni tó bo ẹnu rẹ̀ nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.