Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Kì í Ṣe Ìwòsàn



Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì lọ́jọ́ kan, bàbá kan láti inú Thomas Estate ní Àjàh fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá bá mi ní ilé-kéwú. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Bàbá náà ní: "Ààfáà, igbó ti fẹ́ ba ayé ọmọ yìí jẹ́. Ẹ bá mi dè é mọ́lẹ̀ síbí. Bí ó bá gba pàṣán, ẹ nà án. Mo fà á lé yín lọ́wọ́."

Mo kọ̀. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju àwọn ẹgbẹ́ mi lọ. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, wọ́n fa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lé mi lọ́wọ́, pàṣán ni mo sì fi tọ́jú rẹ̀. Òru ni ó sá lọ. N kò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di òní. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, bí yóò tilẹ̀ bí àwọn kan nínú wa nínú.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú àwọn ọkùnrin tí wọ́n lé ní 300, lọ́mọdé lágbà, sílẹ̀ ní ilé kan tí wọ́n ń pè ní ilé-kéwú ní Rigasa, ní Kaduna. Ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn. Àwa Yorùbá ń mi orí, a ní ti àwọn ará òkè ọya ni. Kò pé oṣù méjì sí i, ní oṣù kọkànlá, wọ́n tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní Òjóò, n'Ìbàdàn tiwa níbí, nínú ibùdó tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀sìn wa dá sílẹ̀. Ta ni a óò tún nawọ́ sí?

Mo bi ẹ̀yin tí ẹ ń dè ènìyàn mọ́lẹ̀ pé: inú Sunna wo ni ẹ ti rí i? Bukhari gbà á wá pé wọ́n mú ọ̀mùtí kan wá síwájú Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Nígbà tí ẹnì kan ṣẹ́ ọkùnrin náà ní èpè, Ànọ́bì kọ̀ fún un, ó ní kí wọ́n má ṣe ran Ṣàìtáánì lọ́wọ́ lórí ọmọ ìyá wọn. Ẹ óò ní wọ́n ṣáà nà án. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ni ìyẹn, adájọ́ ló ni ín, kì í ṣe ààfáà àdúgbò. Ìjìyà ọ̀tọ̀, ìtọ́jú ọ̀tọ̀. Lórí ìtọ́jú, hádíìsì tí ó wà nínú ìwé Abu Dawud sọ ọ́ kedere: ẹni tí a kò mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìwòsàn, tí ó wá sọ ara rẹ̀ di oníṣègùn, òun ni yóò dáhùn fún ohun tí ó bá bàjẹ́. Ta ló wá kọ́ yín níṣẹ́?

Iṣẹ́ ni, ẹ̀yin ará, ó sì ní ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó ti ń mu ọtí líle tàbí Rohypnol lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, gìrì lè gbé e, ó sì lè kú sínú ẹ̀wọ̀n tí ẹ dè é mọ́. Ẹni tí tramadol bá gbé ṣánlẹ̀, àwọn ènìyàn wa a máa da omi iyọ̀ àti epo pupa sí i lẹ́nu, èyí tí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ yóò fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, yóò sì wá ọkọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù. Ọmọbìnrin tí ó ń mu codeine, ó lè jẹ́ pé ẹni tí ń fipá bá a lò wà nínú ilé wọn. Bí ẹ bá fi wàásù dá a padà sílé, àgùntàn ni ẹ dá padà fún ìkookò. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ mọ bí a ti ń béèrè, ó mọ bí a ti ń pa àṣírí mọ́, ó sì mọ̀ pé ìjọba Èkó ní àjọ kan, DSVA, tí wọ́n fi òfin gbé kalẹ̀ ní 2021 nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò kan ilé òun. Ìwádìí tí ìjọba àti àjọ UNODC gbé jáde ní 2019 fi hàn pé ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 ló lo egbòogi olóró láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, láìka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Èkó ló ṣíwájú: nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Àwọn kan yóò ní, "Àdúrà ń kọ́?" Ẹ ṣe àdúrà. Èmi náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Ànọ́bì kan náà ló kọ́ wa pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ láìní ìwòsàn. Wíwá ìwòsàn náà ló kù sí wa lọ́wọ́. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, àárín abúlé, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn, ni ó ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ. Kò dè wọ́n mọ́lẹ̀, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ Redeemed ti ní CADAM tiwọn, tí ń gba àwọn tí oògùn ti mú lẹ́rú, láti àwọn ọdún 1990. Kí ni tiwa? Aṣọ ẹgbẹ́jọdá Máólúdì!

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan láti Lẹ́kí dé Àjàh yan ẹni méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí owó Jímọ́ọ̀ rán wọn lọ kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Kí àwa olùkọ́ ilé-kéwú ṣíwájú, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú ọmọ wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé nọ́ọ̀sì àti ìmọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ẹ̀yin ni à ń wò.

Ọmọ Thomas Estate yẹn ń kọ́? Ọsibítù Yábàá ni a mú un lọ, èmi àti bàbá rẹ̀. Ó ti ṣubú padà lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún dìde. Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, ó jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì mi, ó ń ka Yāsīn. Kò sí ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ọlọ́hun Ọba yóò fi wá mọ̀nà. Àmín.