Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìrìn Ọkọ̀

Bí a bá bi ènìyàn léèrè ohun tí ń mú ọkọ̀ rìn, kíá ni yóò dáhùn pé epo bẹntiróòlù ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Owó epo lọ́wọ́ nínú iye ibùsọ̀ tí onímọ́tò ń rìn lọ́dún. Bí títì ti rí lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bí ilé ti jìnnà sí ibi iṣẹ́ tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bóyá ohun mìíràn sì wà tí a lè wọ̀ lọ́wọ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà epo kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ di ₦488 ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù Keje, ó ti di ₦617 ní Àbújá. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ gbé ọkọ̀ wọn sílé. Àwọn kan rí i pé títì dá, wọ́n sì ń yọ̀. Àwa kò bá wọn yọ̀. Ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ, tí ó ní ààwẹ̀ ni òun ń gbà, ara rẹ̀ ni ó ń tàn.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ onímọ́tò nìkan ni èyí. Ohun tí ó bá ojú ti bá imú. Àgbẹ̀ tí kò ní kẹ̀kẹ́ pàápàá ń rìn lórí táyà, nítorí iṣu rẹ̀ àti kòkó rẹ̀ ń wọ ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ lè jókòó sílé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Tòmátì tí a ti ká kò lè dúró de ìgbà tí epo yóò wálẹ̀. Bí owó ọkọ̀ bá gòkè, inú owó tí alájàpá ìbá san fún yín lóko ni yóò ti yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo Amẹ́ríkà. Ìjọba wọn ṣírò rẹ̀ pé awakọ̀ kan níbẹ̀ ń rìn tó nǹkan bí 13,500 ibùsọ̀ lọ́dún. Nígbà tí àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá dá epo dúró fún wọn ní 1973, ìrìn ọkọ̀ wọn dín kù ní 1974. Kò sì pẹ́ tí ó tún fi gòkè. Ọ̀wọ́n epo lè dá ènìyàn dúró; kò lè gbé ilé rẹ̀ súnmọ́ ibi iṣẹ́.

Ìdínkù mìíràn wà tí í ṣe èrè. Wọ́n ṣí reluwé Èkó sí Ìbàdàn ní oṣù Kẹfà, 2021. Ti Marina sí Mile 2 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, 2023. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ fi ọkọ̀ sílé, síbẹ̀ ó dé ibi tí ó ń lọ.

Ohun tí a ń bèèrè nìyí: kí reluwé ó pọ̀, kí ó sì máa kó ẹrù oko, kí a tún ọ̀nà oko ṣe kí òjò ó tó dé, kí a kọ́ ilé òṣìṣẹ́ sí tòsí iṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fọ́nnu fún yín pé ọkọ̀ ti dín kù lójú títì, ẹ bi í léèrè: àwọn tí kò wakọ̀ mọ́, ṣé wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ ni, àbí ilé ni wọ́n jókòó sí?