Ìwé Ẹ̀rí Nìkan Kò Tó Tíṣà

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tó wà ní Kàdúná, Zaria àti Kafanchan, ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà tuntun tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, Nasir el-Rufai, tí í ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ yìí nígbà náà, kéde pé nínú nǹkan bíi 33,000 tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 21,780 ni kò yege nínú ìdánwò tí kò ju ti ọmọ kíláàsì kẹrin lọ. Ìjọba lé ọ̀pọ̀ wọn, ó sì gba àwọn tuntun. Àwọn kan yìn ín, àwọn kan bú u. Ohun tí àwa ń béèrè ni pé: ta ni yóò ran àwọn tuntun lọ́wọ́, kí wọ́n má baà dà bí àwọn ti àná?

Òfin ọdún 1993 dá TRCN sílẹ̀ láti máa forúkọ tíṣà sílẹ̀. NTI, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, wà níhìn-ín ní Kàdúná, ó ń kọ́ àwọn tíṣà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Méjèèjì dára. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè jókòó ti ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba NCE, tó bá 60 ọmọ pàdé nínú kíláàsì kan. Ọmọ tiwa ń sọ Yorùbá nílé, ó ń sọ Hausa ní àdúgbò, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìwé rẹ̀. Bí kò bá rí ìṣírò ṣe, ṣé ìṣírò ni kò mọ̀ ni, àbí èdè tí wọ́n fi bi í ni kò yé e? Ẹnu iṣẹ́ ni tíṣà ti ń kọ́ irú èyí.

Ẹ wo àwọn télọ̀ wa. Ọjọ́ tí wọ́n gba fírídọ̀ọ̀mù kọ́ ni ẹ̀kọ́ wọn parí. Bí aṣọ bá há oníbàárà lápá, télọ̀ á tú u, á wo ibi tó ti gé e sódì, kó tó gé òmíràn. Ṣé ọmọ kíkọ́ wá rọrùn ju aṣọ rírán lọ ni?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́, ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí wa dá sílẹ̀. Èkíní, kí tíṣà àgbà kan wà pẹ̀lú tuntun kọ̀ọ̀kan fún ọdún kan, kó máa wọ kíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kì í ṣe láti wá ẹ̀sùn. Èkejì, kí tíṣà tuntun máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́: kí ló yé àwọn ọmọ lónìí, kí ni kò yé wọn, kí ni n ó yí padà lọ́la? Ẹ̀kẹta, kí gbogbo tíṣà fi wákàtí kan jókòó pọ̀ lọ́jọ́rú, kí a sì san owó wákàtí náà fún wọn.

Àwọn òbí kan yóò ní àwọn kò sanwó kí tíṣà máa kọ́ṣẹ́ lórí ọmọ àwọn. Bẹ́ẹ̀ bí a fẹ́, bí a kọ̀, yóò kọ́ ọ lórí wọn. Èyí tó kù sọ́wọ́ wa ni bóyá ẹnìkan yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Tíṣà tí kò rí olùrànlọ́wọ́, pàṣán ló máa ń sá di.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ jẹ́ ká so ọwọ́ méjèèjì pọ̀ nítorí àwọn ọmọ wa.