Ọ̀jọ̀gbọ́n okòwò tó di ààrẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́ẹ̀mejì, tó sì lo ọdún méjì méjì

Tí ọmọ Yorùbá kan bá gba ipò ńlá nílùú òyìnbó, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí lórí Facebook àti WhatsApp. Fọ́tò á jáde, "ọmọ wa ni" á tẹ̀ lé e, gbogbo wa á kí i kú oríire. Ó tán. Kò sẹ́ni tó máa padà wá béèrè lẹ́yìn ọdún méjì pé báwo ni iṣẹ́ ọ̀hún ṣe ń lọ sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ola Akande. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti jẹ ààrẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ọdún méjì méjì ló sì lò lórí àga kọ̀ọ̀kan. Inú ọdún méjì méjì yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí. Ó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, ó gboyè àkọ́kọ́ ní Wayland Baptist ní Texas, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Oklahoma. Àmọ́ Webster University ní St. Louis, ìpínlẹ̀ Missouri, ni orúkọ rẹ̀ ti gbilẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tó fi ṣe díìnì iléèwé okòwò wọn. Webster yìí kì í ṣe yunifásítì tó jókòó sójú kan. Ó ní ẹ̀ka ní Geneva, ní Vienna àti ní Leiden, ó ń kọ́ àwọn sójà Amẹ́ríkà nínú bárékè, ó tiẹ̀ tún ṣí ẹ̀ka sí Accra, ní Ghana ìtòsí wa níbí. Ẹni tó bá ṣe díìnì nírú ibẹ̀ yóò ti mọ̀ pé ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ọjà tí èèyàn ń kiri. Mi ò fi bú u o. Ẹ máa ka ọ̀rọ̀ mi lọ.

Lọ́dún 2015, Westminster College ní Fulton, ní Missouri kan náà, mú un ṣe ààrẹ, òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jókòó sórí àga yẹn láti 1851 tí wọ́n ti dá iléèwé náà sílẹ̀. Ìlú kékeré ni Fulton, ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré ẹ̀. Ibẹ̀ ni Winston Churchill ti sọ̀rọ̀ "aṣọ ìkélé onírin" tó lókìkí káyé, ní March 5, 1946, tí Ààrẹ Truman fúnra ẹ̀ jókòó tì í. Nígbà tó yá, wọ́n lọ tú ṣọ́ọ̀ṣì kan tí bọ́ǹbù bà jẹ́ nígbà ogun ní London, òkúta kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n kó o sọdá òkun, wọ́n sì tún un kọ́ sí Fulton láti fi rántí Churchill. Irú ilé ìtàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó lé ọmọ Akande lọ́wọ́.

Nígbà tó máa di 2017, ó ti kúrò. Ó lọ sí Washington University ní St. Louis, níbi tó ti ń darí ètò wọn lórí Áfríkà. Ní July 2020, láàárín Kòrónà tí gbogbo ayé ti ilẹ̀kùn, Champlain College ní Burlington, ìpínlẹ̀ Vermont, gbà á ní ààrẹ. Lọ́dún 2022, ó tún kúrò, ó padà sí St. Louis láti ṣiṣẹ́ ní Stifel, iléeṣẹ́ ìdókòwò ńlá kan.

Kí wá ni ààrẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń ṣe gan-an? Ọ̀pọ̀ wa rò pé ó dà bíi gíwá tiwa, ẹni tó ń wọ aṣọ gbẹrẹgẹdẹ lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, tí wọ́n ń pariwo oríkì ẹ̀. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni kékeré ní Amẹ́ríkà, owó ni iṣẹ́ náà. Ààrẹ gbọ́dọ̀ wá akẹ́kọ̀ọ́ tó máa san owó, ó gbọ́dọ̀ lọ bá àwọn olówó tó kàwé jáde níbẹ̀ pé kí wọ́n dá sí i, kó sì ṣàlàyé fún ìgbìmọ̀ alámòójútó tó gbà á síṣẹ́ nígbà tí ìwé ìṣirò bá pupa. Ìgbìmọ̀ yẹn ló ń gbà á, òun náà ló ń lé e. Ìjọba ò dá sí i.

Ohun tó mú kí wọ́n máa wá ọ̀jọ̀gbọ́n okòwò nìyẹn. Ọmọ tó ń wọlé ń dín kù. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 2008, àwọn èèyàn wọn dín ọmọ bíbí kù, wọn ò sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ló ń pé ọdún méjìdínlógún ní 2026. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Ní Vermont tí Akande lọ, tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ kò pé 700,000, kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta ló kógbá sílé lọ́dún 2019 nìkan: Green Mountain, Southern Vermont àti College of St. Joseph. Marlboro tẹ̀ lé wọn ní 2020, Goddard ní 2024. Champlain ṣì dúró, torí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tó ń lówó lórí, bíi ṣíṣe géèmù kọ̀ǹpútà àti dídáàbò bo íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n tí ilé aládùúgbò bá ń jó, oorun èèyàn kì í jinlẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀hún sì ń lé àwọn èèyàn sá. American Council on Education ṣe ìwádìí pé ní 2006, ìpíndọ́gba ọdún tí ààrẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti lò lórí àga jẹ́ 8.5. Nígbà tó fi máa di 2022, ó ti já sí 5.9. Nítorí náà, Akande nìkan kọ́ ló ń tètè kúrò, àmọ́ tiẹ̀ tún yá ju ti ọ̀pọ̀ lọ.

Ibi tí èmi dúró sí rèé. Mi ò ní kó ẹ̀sùn kankan sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akande lọ́rùn, ọkùnrin tó bá kúrò ní Nàìjíríà tó dé ibẹ̀ yẹn, ó ti ṣe gudugudu méje. Àmọ́ ọdún méjì kò tó fi tún kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe. Ọmọ tó wọ Champlain lọ́dún 2020, tó bá fi ọdún mẹ́rin kàwé, 2024 ló máa jáde. Ọwọ́ Akande ló wọlé sí, ẹlòmíì ló fún un ní sátífíkéètì. Olùkọ́ ò ní tíì gbọ́ ètò tuntun yé tán tí ẹni tó gbé e wá á ti di ẹrù. Nínú okòwò, wọ́n máa ń sọ pé ọ̀gá tó mọṣẹ́ lè ṣiṣẹ́ níbikíbi. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta bísíkíìtì. Iléèwé ń fẹ́ ẹni tó máa dúró títí èso á fi pọ́n.

Nǹkan kan tún wà tó pa mí lẹ́rìn-ín. Iléèwé okòwò tí Akande ti ṣe díìnì ní Webster, orúkọ George Herbert Walker ló ń jẹ́. Ta ni Walker? Ìbátan Ààrẹ Bush ni, òun náà ló sì ti ṣe olórí Stifel nígbà kan. Mi ò sọ pé ẹnì kan gbà á síṣẹ́ torí ìyẹn. Mo kàn ń sọ pé St. Louis kéré, pé díìnì iléèwé okòwò máa ń bá irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ jẹun, àti pé ilẹ̀kùn tó ti ibẹ̀ ṣí kì í tì bọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo ìwé ẹ̀rí nìkan, ẹ máa wo ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ náà.

Ó dáa, kí ló kàn wá ní Osun? Mo ń kọ èyí láti Sekona, lójú ọ̀nà Ife sí Osogbo, níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wọkọ̀ lójoojúmọ́. OAU wà lápá kan, Ede wà lápá kejì. Láàárín Ede nìkan, ẹ ní Federal Polytechnic, ẹ ní Adeleke University, ẹ ní Redeemer's. Poli ń gba owó TETFund, ọmọ ibẹ̀ sì lè gba owó yíyá NELFUND láti ìgbà tí Tinubu ti fọwọ́ sófin ẹ̀ ní April 2024. Méjì yòókù ò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìkankan nínú méjèèjì, torí aládàáni ni wọ́n. Owó òbí àti àpò ẹni tó dá wọn sílẹ̀ ni wọ́n ń gbára lé. Ìyẹn ni pé ìṣòro Champlain ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa, kò kàn tíì kan ilẹ̀kùn ni.

Redeemer's ti fi ọ̀nà kan hàn. Ibùdó ìwádìí wọn, ACEGID, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí, gba owó Báńkì Àgbáyé, Ede níbí sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka àbùdá kòkòrò Kòrónà ní Áfríkà, ní March 2020. Owó ìta wọlé, òkìkí tẹ̀ lé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n okòwò kọ́ ló ṣe é, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n okòwò tó dúró pẹ́, ẹ wo Enase Okonedo. Láti 2009 dé 2020 ló fi ṣe díìnì Lagos Business School, kó tó di gíwá Pan-Atlantic University ní January 2022. Ọdún mọ́kànlá lórí ìjókòó kan! Ó mọ gbogbo igun ilé kó tó gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀.

Ní yunifásítì ìjọba, òfin fún gíwá ní ọdún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìjà ló máa ń jẹ́ ká mọ̀ pé wọ́n fẹ́ yan èèyàn. Ní August 2020, oṣù kan lẹ́yìn tí Akande wọ Champlain, ìgbìmọ̀ UNILAG yọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogundipe. Ní November, ìjọba dá a padà. Ní OAU lọ́dún 2016, wọ́n tú ìgbìmọ̀ aláṣẹ ká lórí ọ̀rọ̀ gíwá. Nígbà tí wọ́n mú Ọ̀jọ̀gbọ́n Simeon Bamire ní 2022, onímọ̀ ọrọ̀ ajé àgbẹ̀, àwọn kan gbé oògùn wọnú ọgbà pé ọmọ Ife ló yẹ kó jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé níbo lowó yàrá ìwádìí ti máa wá.

Ọdún márùn-ún Bamire máa pé ní 2027. Àwọn tó ń dupò á tún tò jáde, ìwé ẹ̀rí wọn á gùn bí ọ̀nà Ife. Tí wọ́n bá pe àwa oníròyìn, ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ bi wọ́n: níbo lẹ ti rí owó wá fún iléèwé rí, ọdún mélòó lẹ sì lò níbẹ̀? Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìwé ìròyìn máa kọ́kọ́ gbé. Ìlú tí wọ́n ti wá ni.