Ọrọọrún ni Babaláwo ń Dífá

“Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún.” Ọmọ Yorùbá wo ló nílò àlàyé pé ká máa múra sílẹ̀ ni òwe yìí ń wí? Ohun tó ń dunni ni pé ó ti di ìpolówó lẹ́nu àwọn tó ń ta adójútòfò ẹ̀mí. Wọ́n á ká ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbowó oṣù àkọ́kọ́ mọ́ ẹnu iṣẹ́ ní Ìwó, wọ́n á pa òwe fún un, wọ́n á sì ní kó buwọ́ lu ìwé tí yóò fi máa sanwó fún ogún ọdún. Ṣé babaláwo kan wà tó dífá ogún ọdún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó wá ká ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀?

Ẹni tí ebi yóò pa lẹ́yìn òkú ló ni adójútòfò ẹ̀mí. Àpọ́n tí kò bọ́ ẹnikẹ́ni, tí kò sì jẹ gbèsè tó lè bọ́ sọ́rùn oníduùró, kò nílò rẹ̀. Kó fi owó náà ra irinṣẹ́. Èyí tí wọ́n pa owó ìfipamọ́ pọ̀ mọ́ ló tilẹ̀ burú jù. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi náírà 460 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023 ti kọjá 1,500 ní 2024. Kí ni mílíọ̀nù kan tí wọ́n ṣèlérí lónìí yóò rà ní ọjà Odò-Òòrí ní Ìwó lógún ọdún sí i?

Àwọn kan ní ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ikú ló ń pe ikú. Ìyẹn kò tó àríyànjiyàn. Ẹni tó ra adójútòfò fún mọ́tò rẹ̀ kò pe ìjàǹbá. Ti àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní Ìwó, pé èlé àti tẹ́tẹ́ wà nínú adójútòfò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ú lọ, àmọ́ láti 2013 ni NAICOM, àjọ tó ń bójú tó adójútòfò ní Nàìjíríà, ti gbé ìlànà takaful jáde, níbi tí àwọn èèyàn ti ń dáwó jọ láti fi ran ara wọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Àpọ́n mélòó ló dá wà nílẹ̀ Yorùbá? Ọmọbìnrin aránṣọ tí kò tíì relé ọkọ lè jẹ́ òun ló ń san owó ilé-ìwé àbúrò méjì, tó tún ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀. Irú rẹ̀ nílò adójútòfò ju baálé ilé tí ìyàwó rẹ̀ ń tajà tó ń jèrè lọ. Ti ọdún kan sí ọdún kan ló yẹ ẹ́, èyí tí kò ní owó ìfipamọ́ nínú, tó sì lè fi sílẹ̀ nígbà tí àwọn àbúrò bá ń dá jẹun.

Ẹni tó bá ń gbowó oṣù ní láti kọ́kọ́ bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí iléeṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ra adójútòfò ẹ̀mí fún oníkálukú wọn, iye rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó iṣẹ́ ọdún kan. Àtàpọ́n àtabílékọ ni. Bí wọn kò bá rà á tí òṣìṣẹ́ sì kú, ọrùn agbanisíṣẹ́ ni owó náà wà. Iléeṣẹ́ ńlá bíi Yunifásítì Bowen, tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní Ìwó ní 2001, wà lábẹ́ òfin yìí. Ẹni tó ń ta ìwé adójútòfò kì í sábà mẹ́nu bà á.

Aránṣọ kò ní ọ̀gá tí yóò bi. Owó ara rẹ̀ ni yóò fi rà á, orúkọ ìyá àti àwọn àbúrò ni yóò sì kọ sínú fọ́ọ̀mù.