Ta ló ni orúkọ ìkànnì? Ìbéèrè tó yẹ kí oníṣòwò Àgọ́-Ìwòyè kọ́kọ́ bèèrè

Ní Àgọ́-Ìwòyè, kò ṣòro fún oníṣòwò láti rí ẹni tó máa bá a ṣe ìkànnì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún 1982 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ti dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n sọ ní Olabisi Onabanjo ní ọdún 2001, làwọn ọ̀dọ́ ti ń wọ́ wá sílùú náà lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòde òní ló sì mọ kọ̀ǹpútà bí ẹni mọ owó. Ọmọ tó yá yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lè mọ iṣẹ́ ìkànnì ju ọ̀gá tó ní ọ́fíìsì ńlá l'Ékòó lọ, owó tó sì máa gbà kò ní tó ìdajì tọ̀gá yẹn.

Ṣùgbọ́n ibi tí àǹfààní yìí wà gan-an ni ewu tún fara pamọ́ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í wá sílùú kó máa gbébẹ̀ títí. Ọdún mẹ́rin, ó pẹ́ tán ọdún márùn-ún, yóò gboyè jáde, wọn yóò gbé e lọ sí Sókótó tàbí Bayelsa láti lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Tó bá ń lọ, yóò di ẹrù rẹ̀, ìkànnì oníṣòwò lè wà nínú ẹrù náà láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀.

Kì í ṣe pé ọmọ náà jẹ́ olè. Ohun tó máa ń fà á ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gba orúkọ ìkànnì, ọmọ á bi ọ̀gá pé kí ni íméèlì wọn, ọ̀gá á ní òun ò ní, tàbí pé òun ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ọmọ á ní kò burú, á fi íméèlì tara rẹ̀ sí i, á fi káàdì báńkì tara rẹ̀ sanwó, ọ̀gá á ka owó náà lé e lọ́wọ́, inú kálukú á dùn. Tó bá di ọdún kejì, owó tuntun ti tó san, ìránnilétí á máa lọ sínú íméèlì tí ẹni tó ni ín kì í ṣí mọ́. Ní ti orúkọ tó bá parí sí .com, tí alágbàtà tó tà á bá ti pa á rẹ́ nínú ìwé, ọjọ́ 30 péré ló kù tí ẹni tó ni ín fi lè rà á padà, owó rẹ̀ sì máa ń wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 5 á kọjá tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà ó di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ orúkọ yẹn ló wà lára pátákó, lára ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà, lára bébà tí wọ́n ti pín kiri ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì.

Kò sí aránṣọ kan tó máa ní kí ọmọ tó bá òun ya pátákó ṣọ́ọ̀bù lọ fi orúkọ ara rẹ̀ gba ìwé lọ́dọ̀ àjọ CAC. Kò sí alátajà tó máa ní kí ọmọ ọlọ́mọ fi orúkọ tirẹ̀ ṣí àkáǹtì báńkì tí owó ọjà máa wọ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n gbà á lórí ọ̀rọ̀ ìkànnì kò ju pé ojú wọn kò rí ohun tí wọ́n ń rà lọ.

Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń pa pọ̀ mọ́ra wọn. Orúkọ ìkànnì, táwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ń pè ní domain, dà bíi pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù. Hosting ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n yá, ìyẹn ẹ̀rọ tó wà níbì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí wọ́n kó ìkànnì sí. Sọ́fítíwíà ni irinṣẹ́ tí káfíńtà fi kan tábìlì àti àga inú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ṣeé kó kúrò, tábìlì ṣeé pààrọ̀. Pátákó ni ojú oníbàárà mọ̀. Orí tábìlì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Àríyànjiyàn lórí sọ́fítíwíà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà tí sáíbà káfẹ́ pọ̀ káàkiri, FrontPage ti iléeṣẹ́ Microsoft àti Dreamweaver ni wọ́n ń fi kọ́ni, ẹni tó bá mọ méjèèjì ti di ọ̀gá láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2006, Microsoft pa FrontPage tì. Àwọn ìkànnì kan tí wọ́n fi kọ́ nílò ohun kan tó ń jẹ́ FrontPage Server Extensions nínú ẹ̀rọ tí wọ́n kó o sí, nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ hosting sì ń yọ ọ́ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, fọ́ọ̀mù tí oníbàárà fi ń ránṣẹ́ sí ọlọ́jà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìkànnì wà níbẹ̀ o, ó kàn ti di adití ni.

Lóde òní, ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń gbé síwájú oníṣòwò. Àkọ́kọ́ ni irú Wix, tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè máa fọwọ́ fa àwòrán àti ọ̀rọ̀ sí ibi tó bá wù ú títí iṣẹ́ á fi parí. Ó rọrùn, ó sì ń dùn ún wò. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò fi pa mọ́ pé ìkànnì tí wọ́n kọ́ sọ́dọ̀ òun kò ṣeé kó lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tí owó ibẹ̀ bá ga jù fún lọ́la, àfi kó tún òmíràn kọ́ láti ìpìlẹ̀. Ìkejì ni WordPress, tó jáde ní ọdún 2003, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó sì ju 40 lọ nínú 100 ìkànnì tó wà láyé tí wọ́n fi kọ́. Fún ìlú yunifásítì, ìdí tí WordPress fi dára jù kì í ṣe ẹwà. Bí ọmọ tó kọ́ ọ bá lọ, ọmọ mìíràn wà ní òpópónà kejì tó lè gbà á ṣe láti ibi tí ẹni àkọ́kọ́ dé.

WordPress náà ní àléébù tirẹ̀. Ó ń fẹ́ àtúnṣe lóòrèkóòrè, bí ọkọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Ẹni tó bá sì lọ gba aṣọ ìkànnì tí wọ́n jí kó, èyí tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ dípò kí wọ́n rà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, kò ní mọ ohun tí wọ́n ti tọ́jú sínú rẹ̀. Ọ̀nà tí olè ń gbà wọlé ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe gbogbo òwò ló nílò WordPress. Apákó tó ń ta pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tó kàn fẹ́ kí wọ́n rí irú igi tó ní, ibi tó wà àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ojú ewé kan tàbí méjì tí wọ́n fi HTML lásán kọ ti tó o. Ó fúyẹ́, kì í jẹ dátà oníbàárà, kò sì sí ohun tó ń bàjẹ́ lára rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ni gbogbo wàhálà yìí, ṣebí Facebook àti WhatsApp wà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá tó ń ta oúnjẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì kò nílò ìkànnì, WhatsApp ti tó wọn. Ṣùgbọ́n onílé tó ń wá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí kò tíì dé Àgọ́-Ìwòyè rí, tàbí oníṣẹ́ ìtẹ̀wé tó fẹ́ kí iléeṣẹ́ l'Ékòó fún òun níṣẹ́, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí ni wọ́n ń wá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì ní nọ́ńbà wọn. Ilé ọlọ́ọ́nà ni Facebook jẹ́ náà. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹwàá, ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà fún bíi wákàtí mẹ́fà. Nínú oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i.

Ọ̀fẹ́ náà tún wà, ọ̀fẹ́ sì máa ń wu oníṣòwò kékeré. Ní ọdún 2009, Yahoo! ti GeoCities pa, àwọn ìkànnì ọ̀fẹ́ tí wọ́n ti kọ́ síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ sì bá a lọ. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni Google pa àwọn ìkànnì kéékèèké tó ń bá àwọn oníṣòwò ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 2023, orílẹ̀-èdè Gabon gba orúkọ .ga padà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Freenom tó ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù orúkọ ló sì pa rẹ́.

Ní ti hosting, ìbéèrè tó ń da oníṣòwò láàmú ni bóyá kó sanwó fún iléeṣẹ́ òkè òkun tàbí ti Nàìjíríà. Òkè òkun máa ń dà bí ẹni pé ó dínwó, ṣùgbọ́n owó ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń fi fani mọ́ra, ọdún kejì lè jẹ́ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Dọ́là sì ni. Ní ọdún 2022, àwọn báńkì kan dín ohun tí èèyàn lè fi káàdì náírà ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, nígbà tó yá àwọn mìíràn pa á tì pátápátá fún ìgbà kan. Dọ́là kan tó wà ní bíi náírà 460 níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023 ti kọjá náírà 1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Ẹni tí owó ọjà rẹ̀ ń wọlé ní náírà, tó ń san owó ṣọ́ọ̀bù ní dọ́là, ń wá wàhálà.

Ti ilé náà kò dára tó bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ hosting Nàìjíríà ló ń gba náírà, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ wọn wà ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà. Kí oníṣòwò bèèrè ibi tí ẹ̀rọ wà. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin ló bàjẹ́ lẹ́bàá Abidjan, íńtánẹ́ẹ̀tì sì fà bí ìgbín ní Nàìjíríà. Ìkànnì tó wà lórí ẹ̀rọ l'Ékòó kò ní láti sọdá òkun kí ẹni tó wà l'Orù tó rí i. Kó tún bèèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀dà ìkànnì. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹta, ọdún 2021, iná jó ilé ẹ̀rọ OVHcloud ní Strasbourg, nílẹ̀ Faransé, iléeṣẹ́ ńlá ni. Àwọn oníbàárà tí ẹ̀dà iṣẹ́ wọn wà nínú ilé kan náà pàdánù rẹ̀. Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ oníṣòwò, kódà kó jẹ́ inú fúláàṣì tó wà nínú àpótí owó. Tí wọ́n bá sì ní kó sanwó ọ̀tọ̀ fún àmì kọ́kọ́rọ́ tó ń fi hàn pé ìkànnì ní ààbò, kó kọ́kọ́ mọ̀ pé Let's Encrypt ti ń fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2015. Ọ̀fẹ́ kan tó ṣì dúró nìyẹn.

Gbogbo èyí tún padà sí orúkọ. Fún òwò tí oníbàárà rẹ̀ wà ní Nàìjíríà, .com.ng dára, kò sì wọ́n tó .ng gan-an. Àjọ NiRA ló ń mójú tó orúkọ .ng, ṣùgbọ́n àjọ náà kì í tà á fúnra rẹ̀ fún aráàlú, ọwọ́ àwọn alágbàtà tó fọwọ́ sí ni wọ́n ti ń rà á. Kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ṣí íméèlì kan, kó lo nọ́ńbà fóònù tirẹ̀, kó fi orúkọ òwò tó wà lórí ìwé CAC ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ alágbàtà náà, kó fi káàdì tirẹ̀ sanwó. Lẹ́yìn náà ló lè wá fún ọmọ ní àyè láti ṣiṣẹ́, tí iṣẹ́ bá parí, kó yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Ọmọ tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i. Ó tilẹ̀ máa gba òun náà lọ́wọ́ ìpè òru láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àtijọ́ nígbà tó bá wà ní Sókótó.

Ẹni tí orúkọ ìkànnì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ọmọ tó ti jáde kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ tí owó á tó san. Kó wá ọmọ náà nísinsìnyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì ń lọ, kó ní kó yí orúkọ ẹni tó ni ín padà lọ́dọ̀ alágbàtà, tàbí kó fún òun ní auth code, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń gbé orúkọ kúrò lọ́dọ̀ alágbàtà kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Tí ọmọ bá ní àfi kí wọ́n san nǹkan kan fún òun, ó lè sàn kí wọ́n san án tí kò bá pọ̀ jù. NiRA ní ìlànà tí wọ́n fi ń parí ìjà lórí orúkọ .ng, ṣùgbọ́n owó àti ìwé ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn, ìwé tó sì kọ́kọ́ máa jáde ni ti orúkọ ẹni tó gba ìkànnì náà.