Kámẹ́rà Ẹgbẹ́ àti Fótò Ìyá Àgbà

Ní oṣù tí ó kọjá mo ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ owó ìdáwó ilé ìpàdé ni èmi yóò fi ojú ewé yìí sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìyẹn sinmi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó ń ti ẹnu dé ẹnu ní ọjà, ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì àti ní iwájú mọ́ṣáláṣí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì rìn ní ọ̀nà òtítọ́. Wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ya fótò fún ẹgbẹ́ wa ti ba kámẹ́rà ẹgbẹ́ jẹ́, ó sì ti sọ fótò ìkẹyìn Ìyá Àgbà nù. Èmi wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nítorí náà ó yẹ kí n sọ bí ó ti rí gan-an.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni a sọ ọmọ kan lórúkọ ní ilé Ìyá Àgbà. Ẹ mọ ìyá tí mò ń wí: ẹni tí ọkọ̀ ojú irin gbé wá láti Ọ̀fà nígbà tí ó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, tí kò sì kúrò ní Sábó mọ́. Ní àárọ̀ Sátidé náà, Ìyá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọ́n gbé ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, ó sì ń fi ìka kan ṣoṣo kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà. Yàrá náà kéré. Àwọn ẹbí díẹ̀ àti ayàwòrán wa nìkan ni ó ráyè wọlé. Àwọn tí ó mú fóònù lọ́wọ́ wà ní òde níbi tí ìlù wà, ijó ni wọ́n sì ń yà. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀lé e, Ìyá sùn, kò jí mọ́. Nígbà tí àwọn ẹbí wá béèrè fótò tí wọn yóò fi sí iwájú ìwé ètò ìsìnkú, inú káàdì kámẹ́rà ẹgbẹ́ nìkan ni ó wà.

Ní ọjọ́ Ẹtì a péjọ sí ilé ìpàdé. Ayàwòrán wa tẹ bọ́tìnnì kámẹ́rà. Ó tàn, ó kọ ọ́ sójú pé òun kò mọ bátìrì tí a fi sí òun nínú, ó sì pa ara rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣàlàyé pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òun fi firmware tuntun sí i, àti pé láti ìgbà náà ni ó ti ń ṣe báyìí. Ariwo ta. Ẹnìkan ní kí ó san owó kámẹ́rà. Ẹlòmíràn ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í rí ohun tí ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí firmware jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pariwo ohun tí a kò mọ̀. Kámẹ́rà òde òní kì í lo fíìmù. Ó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di nọ́ńbà ni. Nígbà tí Steven Sasson ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1975, ìṣẹ́jú àáyá 23 ni ó fi ń kọ fótò kan ṣoṣo sórí téèpù kásẹ́ẹ̀tì. Èyí tí a ń lò lónìí ti di kọ̀ǹpútà kékeré tí ó ní ojú. Firmware sì ni ìwé àṣẹ tí àwọn tí ó ṣe é kọ sí i nínú: bí yóò ti wo bátìrì, bí yóò ti bá lẹ́ńsì ṣiṣẹ́, bí yóò ti to fótò sínú káàdì. Bí wọ́n bá rí àṣìṣe, tàbí tí wọ́n fẹ́ fi nǹkan kún un, wọn a gbé ìwé àṣẹ tuntun jáde.

Ó dà bí sákúlà tí olú ilé-iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ sí wa ní rélùwéè. Bí sákúlà tuntun bá dé pé a kò gbọdọ̀ gba páàsì tí kò ní òǹtẹ̀ mọ́, ẹni tí ó ti ń fi páàsì bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ yóò kàn rí i pé wọ́n dá òun dúró ní ẹnu géètì. Páàsì rẹ̀ kò yí padà. Òfin ni ó yí padà.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti bátìrì wa. Kì í ṣe ti àwọn tí ó ṣe kámẹ́rà. Ti ọjà ni, èyí tí owó rẹ̀ kéré. Kámẹ́rà kò bi í léèrè tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ tuntun ní kí ó máa béèrè. Mo rántí pé bátìrì tí ó bá kámẹ́rà wá láti inú páálí ṣì wà nínú àpótí akápò. A mú un wá, a gbé e sí ṣájà títí ó fi kún, a fi í sí i, kámẹ́rà sì tàn kedere. Inú wa dùn, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pẹ́.

Kámẹ́rà tún kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sójú: òun kò lè ka káàdì yìí, ṣé kí òun fọ́ọ̀mátì rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn ènìyàn ń pariwo pé, “Tẹ Bẹ́ẹ̀ ni! Tẹ̀ ẹ́ kíá!” Ìka ọmọ náà ti wà lórí bọ́tìnnì. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi bo kámẹ́rà náà.

Ẹ̀yin ará, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Láti fọ́ọ̀mátì káàdì ni láti fa ìwé àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ ya, kí a sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Fótò lè ṣì wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò ní mọ ibi tí ó wà mọ́, fótò tuntun tí a bá sì yà lè jókòó lé e lórí. Ní ayé fíìmù, bí fótò bá ya, nẹ́gátíìfù wà nílé. Káàdì yẹn ni nẹ́gátíìfù wa, kò sì ní ẹ̀dà. Mo yọ ọ́, mo ti ọ̀pá kékeré tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí ibi tí a kọ pé kí ó tì, kí ohunkóhun má baà lè kọ nǹkan sí i mọ́. Mo fi í sínú àpòòwé, mo sì fi í sí àpò àyà mi.

Ní rélùwéè, bí ọkọ̀ ẹrù bá dúró nítorí pé bíréèkì rẹ̀ ń jò, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ kì í tú gbogbo wágọ̀nù palẹ̀. Wọ́n ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi rí èyí tí ń jò. Mo ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Mo yá káàdì òfìfo kan lọ́wọ́ ọmọ mi, a sì fọ́ọ̀mátì ìyẹn nínú kámẹ́rà, nítorí kò sí ohun tí a ó pàdánù níbẹ̀. Kámẹ́rà gbà á. A ya fótò ògiri, ó hàn dáadáa. A yọ lẹ́ńsì, a fi aṣọ gbígbẹ tí ó mọ́ nu àwọn irin wẹ́wẹ́ ìdí rẹ̀ nítorí eruku ọyẹ́, a dá a padà. Kò sí ìyàtọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà náà ni ó yé wa pé kámẹ́rà kò ní àrùn kankan. Káàdì ni ó ń ṣàìsàn, a kò sì tíì mọ ohun tí ó ṣe é.

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà sí ẹ̀yìn ilé. Mo ní, “Àbúrò, má bẹ̀rù. Kí ni o fi káàdì yìí ṣe kẹ́yìn?”

Ó wo ilẹ̀ títí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí ó kọ ọ̀rọ̀ bátìrì sójú, ẹ̀rù bà mí. Mo gbé káàdì lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kí n lè pa fáìlì firmware náà rẹ́. Mo rò pé bóyá kámẹ́rà yóò padà sí bí ó ti wà. Mo rí fótò Ìyá níbẹ̀ pẹ̀lú ojú ara mi. Bí mo ti ń pa fáìlì náà rẹ́ lọ́wọ́ ni iná lọ, kọ̀ǹpútà sì kú. N kò lè sọ ọ́ níwájú gbogbo yín.”

Ọ̀rọ̀ di mímọ̀. Pípa fáìlì rẹ́ kò lè dá àṣẹ àtijọ́ padà, nítorí àṣẹ tuntun ti wọ inú kámẹ́rà lọ. Ṣùgbọ́n iná tí ó lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sínú káàdì ni ó da ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ rú. Ohun méjì ni ó ṣẹlẹ̀, a sì ń fi ẹjọ́ méjèèjì sùn ẹnìkan. Bí a bá pariwo mọ́ ọn dé alẹ́, kò ní sọ ọ́.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, èmi àti rẹ̀ lọ sí Òpópónà Beirut, sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin Hausa kan tí ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Ohun àkọ́kọ́ tí ó bi wá ni bóyá a ti fọ́ọ̀mátì káàdì náà. A ní rárá. Ó ní a ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún òun. Ó kọ́kọ́ da gbogbo inú káàdì kọ sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, ó ní lórí ẹ̀dà náà ni òun yóò ti ṣiṣẹ́, kí káàdì fúnra rẹ̀ lè wà bí ó ti wà. Lẹ́yìn náà ó lo ètò kan tí ń jẹ́ PhotoRec, tí a kì í san owó lé lórí. Ètò yìí kì í wo ìwé àkọsílẹ̀ tí ó bàjẹ́. Ó ń wá ibi tí fótò kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ nínú káàdì, ó sì ń fà á yọ. Orúkọ fáìlì kò bá wọn jáde, a ní láti wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Fótò 212 ni ọmọ náà yà. 203 ni ó jáde. Èyí tí a ń wá wà lára wọn, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ di eérú, kò sí àwòrán níbẹ̀. Ẹsẹ̀ Ìyá kò sí, etí bẹ́ẹ̀dì kò sí. Ojú Ìyá wà, orí ọmọ wà, ìka náà wà lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bú sẹ́kún nínú ṣọ́ọ̀bù. Fótò yẹn ni ẹ rí ní iwájú ìwé ètò ìsìnkú.

Ó ní ẹ̀bi tirẹ̀, ó sì ti jẹ́wọ́: kò kó fótò jáde kí ó tó lo káàdì náà fún iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n àwa ìgbìmọ̀ ńkọ́? Àwa ni a ra káàdì kan ṣoṣo fún kámẹ́rà tí ń ya ìnáwó gbogbo ẹgbẹ́. Àwa ni a ra bátìrì olówó pọ́ọ́kú. Èmi gan-an ni mo fọwọ́ sí ìwé owó bátìrì náà, mo sì yin ara mi pé mo bá ẹgbẹ́ ṣọ́ owó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní kámẹ́rà nílé, ẹ gba ìmọ̀ràn yìí. Kí ẹ tó fi firmware tuntun sí i, ẹ ka ohun tí ó wá tún ṣe. Bí kò bá kàn yín, kò sí ìkánjú. Ẹ má ṣe é nígbà tí ìnáwó bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ kó fótò sí ibi méjì, ẹ lo káàdì òfìfo, kí bátìrì tòótọ́ kún, ẹ má sì pa kámẹ́rà títí yóò fi sọ pé òun ti parí, nítorí èyí tí a bá pa láàárín iṣẹ́ lè má jí mọ́ títí yóò fi dé ọwọ́ àwọn tí ó ṣe é. Bí wàhálà bá dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ yọ káàdì ṣáájú ohun gbogbo, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí kámẹ́rà sọ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan: bátìrì, káàdì, lẹ́ńsì. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ràn án, ẹ wò ó bóyá àwọn tí ó ṣe é ti gbé òmíràn jáde láti fi tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kì í gbà kí a padà sí ti àtijọ́.

Ìgbìmọ̀ ti ra káàdì méjì sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ni yóò sì máa ya fótò wa lọ. Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní ọjà, ẹ fi ìwé yìí hàn án.

Ọmọ tuntun náà àti ìyá rẹ̀ wà ní àlàáfíà; ó ti ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn. Wọ́n ti fi fótò náà sínú férémù, wọ́n gbé e kọ́ sí òkè bẹ́ẹ̀dì Ìyá. Kí Ọlọ́run tẹ́ Ìyá Àgbà sí afẹ́fẹ́ rere. Ní oṣù tí ń bọ̀, bí ẹ̀mí bá wà, ọ̀rọ̀ owó ìdáwó. Kò sí àwáwí mọ́.